Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté

Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ọkọ̀ náà ní ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré ní ìdí. Àwọn èrò a máa béèrè pé: « Bàbá, ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń jó epo? »

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àjàṣẹ́ wà ní apá àríwá ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ tí ń ti òkun wá, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń fẹ́ sí. Bí a bá ta ìgbòkun ní èbúté, afẹ́fẹ́ yóò gbá ọkọ̀ padà sí etí omi. Ẹ̀rọ ni ó ń gbé wa jáde. Ìgbòkun ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń bọ̀ wá sílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Bàbá tí ń tu ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n mọ ìwé kọ, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ara ọkọ̀ wọn: OMI, OKÙN, ÈNÌYÀN.

Omi: bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, wọn kì í tíì tú ọkọ̀. Wọ́n á wo ihò kékeré ara ẹ̀rọ bóyá omi ń tú jáde. Bí omi kò bá jáde, ẹ̀rọ yóò gbóná, yóò sì kú láàárín ọ̀sà.

Okùn: wọ́n á fa gbogbo okùn wọ inú ọkọ̀. Okùn tí ó bá wọ́ nínú omi yóò lọ́ mọ́ irin tí ń yí lábẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀pá ti iwájú ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́.

Ènìyàn: wọ́n á wẹ̀yìn wò. Lọ́jọ́ kan àwọn èrò ń pariwo pé ọjà ti ń tú. Bàbá pa ẹ̀rọ, wọ́n na ìka sí ọ̀rọ̀ kẹta. Ọmọ kékeré kan ń lúwẹ̀ẹ́, ó di ìdí ọkọ̀ mú. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọmọ náà fi gun òkè.

Ẹ̀yin tí ń wọ ọkọ̀, ẹ má ṣe kán atukọ̀ lójú. Ẹ bá a wẹ̀yìn wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyá méjì nínú àwọn èrò bi Bàbá léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ń wí. Àwọn méjèèjì ti wà ní kíláàsì wa báyìí.