Ọkọ̀ Fúnra Rẹ̀ La Ń Pè Lẹ́jọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì bi mí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni òfin ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ wa ti ṣẹ̀ wá? Ìwé tí wọ́n ní ká kà ti pọ̀ jù." Èmi kì í ṣe lọ́yà. Akódà kóòtù ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, lábẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní Admiralty Marshal, tó ń bójú tó ọkọ̀ mímú, ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó. Àwa la máa ń gbé ìwé àṣẹ adájọ́ lọ lẹ̀ mọ́ òpó ọkọ̀ ní Àpápá. Gánájà ní Lọ́kọ́ja ni mo padà sí báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí, ọ̀gá mi ti dáhùn rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé àṣẹ kankan.

Ará Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà, síbẹ̀ mo rí àwọn lọ́yà tó ti London dé tí wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà wọn láti béèrè ohun tí wọn ò rí nínú ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi yé mi ni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ la ń pè lẹ́jọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè wà ní Gíríìsì, kó fi àsíá Panama sórí rẹ̀, kí ẹni tó háyà rẹ̀ wà ní Singapore, kí kápùtẹ́nì jẹ́ ará Íńdíà. Ta ni oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ yóò wá dì mú? Ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté yìí náà ni. Bí a bá ti lẹ ìwé mọ́ òpó rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣí níbẹ̀ títí báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò fi ṣe oníduùró fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó to orísun òfin náà fún mi. Àkọ́kọ́ ni Ìwé Òfin ilẹ̀ wa. Èkejì ni òfin tí ìjọba wa fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni àdéhùn tí a bá àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe. Ẹ̀kẹrin ni òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ ti dá sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da ètò yìí rú yóò pàdánù ẹjọ́.

Nígbà tí Ìwé Òfin 1999 jáde, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n ka abala 251 sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan láṣẹ lórí ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì dárúkọ Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé. Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ ọmọ Lọ́kọ́ja, ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀?" Orí mi wú. Títí di ọjọ́ náà, bí ẹni pé Àpápá àti Port Harcourt nìkan ló ni iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ tiwa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1885, nígbà tí àwọn òyìnbó pàdé ní Berlin, wọ́n ṣàdéhùn pé Odò Ọya yóò ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fún Royal Niger Company ní ìwé àṣẹ, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ ara rẹ̀ di olówó odò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ta àsíá wọn ní Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ kan náà yìí ni òfin wa fi ṣe ààlà: òfin gbogboogbò tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà ni a jogún, èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò kàn wá àfi bí àwa fúnra wa bá gbà á.

Ìyókù kò gba àlàyé gígùn. Lẹ́yìn òmìnira, a ṣe òfin ọkọ̀ ojú omi tiwa ní 1962. Ní 1973 wọ́n dá Federal Revenue Court sílẹ̀. 1979 ló di Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Ní 1991 ìjọba ológun gbé Òfin Admiralty jáde, òun náà la sì ń lò títí di òní.

Ti àdéhùn ló máa ń dá àwọn ọ̀dọ́ láàmú. Abala 12 nínú Ìwé Òfin ní àdéhùn kankan kò lágbára ní kóòtù wa àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ẹ wo ti ẹni tó kó ẹrù ránṣẹ́ láti èbúté wa tí omi òkun sì bà á jẹ́. Lábẹ́ òfin 1926 tó gba àdéhùn Hague lórí ẹrù ojú òkun wọlé, ọdún kan péré ló ní láti pe ẹjọ́, owó tí wọ́n sì lè san lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan kì í kọjá ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ní 2005 a sọ àdéhùn Hamburg di òfin, ọdún kan di méjì. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Ohun èlò kan wà tí àárò rẹ̀ ń sọ mí: ìwé kàfíátì, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tó máa ń wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè mú ọkọ̀ òun yóò rán lọ́yà rẹ̀ wá kọ orúkọ ọkọ̀ náà síbẹ̀, yóò sì ṣèlérí pé òun yóò jẹ́jọ́. Bí ọ̀gá mi bá ti ṣí i láàárọ̀, wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè kiri etíkun. Nígbà tí mo fi ń fẹ̀yìn tì, fáìlì àti kọ̀ǹpútà ti gba ipò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yá ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ohunkóhun.

Ohun tó dùn mí jù ni ti owó oṣù àwọn atukọ̀. Mo wọ ọkọ̀ kan rí tí wọn ò ti san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Omi òjò ni wọ́n ń gbè mu, ọmọ Ìlàjẹ wà láàárín wọn. A mú ọkọ̀ náà, kóòtù tà á, wọ́n sì gba owó wọn kí báǹkì tó yá olówó ọkọ̀ lówó tó rí kọ́bọ̀. Bí òfin 1991 ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn: owó atukọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Àtúnṣe Kẹta sí Ìwé Òfin, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, wá kó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ sí National Industrial Court. Ní 2021 Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́mi-lọ́rùn dájọ́ pé ti atukọ̀ wà lára rẹ̀. Mi ò bá National Industrial Court jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ mímú, ọ̀dọ̀ tiwa ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló wà. Ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ atukọ̀, kí ló wá kù tí yóò dì mú?

Àwọn kan máa ń sọ pé ọkàn àwa akódà le. Aṣojú ọkọ̀ kan pariwo mọ́ mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn pé mo ń ba ìṣòwò ìlú jẹ́. Mi ò lẹ ìwé mọ́ òpó ọkọ̀ kankan rí láìsí ọwọ́ adájọ́ nínú rẹ̀. Òfin 1991 kan náà ní kí ẹni tó bá mú ọkọ̀ láìnídìí sanwó ìpalára. Bí mo bá rọ̀, ta ni ì bá san owó àwọn ọmọ Ìlàjẹ yẹn?

Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ní oṣù kìíní 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa. Àjọ NIWA tó ń bójú tó o, Lọ́kọ́ja níbí ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ náà wà láàárín ìlú. Ọkọ̀ ń kó èèyàn kọjá lójú odò wa lójoojúmọ́, òmíràn ń dojú dé, wọn a sin òkú, ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀. Kò yẹ kó parí síbẹ̀. Òfin tí a fi ń mú ọkọ̀ ńlá ní Àpápá dárúkọ odò yìí. Kó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ parí, kó wá lò ó fún àwọn ará Gánájà.