Ohùn Obìnrin ní Etí Odò Wouri

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọmọbìnrin kì í fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó. Ẹkún ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ewì ni. Láti ìgbà èwe ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ. Òun ni ó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, òun ni ó fi ń tọrọ ìre, òun náà ni ó sì fi ń sọ ìbẹ̀rù ilé tí kò tí ì mọ̀. Ẹ kíyè sí i: ọjọ́ tí ó ń lọ gan-an ni gbogbo ilé ń dákẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìrìn-àjò ni ó là á lẹ́nu, àwọn tí ó ń fi sílẹ̀ ni olùgbọ́ rẹ̀, èdè kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbọ́.

Ẹni tí ó bá gbé èrò yìí dé Douala, ìlú èbúté ní Kamẹrúùnù, yóò bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Lẹ́bàá odò Wouri ni ìlú náà wà, odò tí àwọn Potogí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sọ ní Odò Edé nítorí edé tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Láti inú orúkọ yìí ni orúkọ Kamẹrúùnù ti jáde. Àlejò kò wọ́n níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrìn ni ó ń ti ọkàn ẹni wá. Nígbà tí ìjọba Jámánì fẹ́ lé àwọn Duálà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn létí odò, ọba wọn, Rudolf Duala Manga Bell, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọdún 1914. New Bell, tí àwọn Jámánì là sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń lé, ni ó wá di àdúgbò àwọn àlejò láti ìgbèríko Kamẹrúùnù àti láti Nàìjíríà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láàárín àwọn Básà, tí Douala kò jìnnà sí, "Ngo" tí ó ń ṣíwájú orúkọ obìnrin túmọ̀ sí ọmọbìnrin ẹni kan; ibi yòówù kí ó lọ, orúkọ ilé rẹ̀ ń bá a lọ. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Jeanne Ngo Maï ń jẹ́, ẹni tí ó tẹ ìwé ewì rẹ̀, Poèmes sauvages et lamentations, jáde ní ọdún 1967. Ìdárò ni ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn àkọlé náà. Ẹni tí ó ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí mọ̀ pé ẹkún lẹ́nu obìnrin kì í ṣe àìlágbára. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Calixthe Beyala, tí a bí ní Douala ní ọdún 1961, tí ó sì dàgbà ní New Bell. Inú Orin Sólómọ́nì ni ó ti mú àkọlé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó jáde ní ọdún 1987, níbi tí obìnrin kan ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí oòrùn fi ojú òun rí.

Léonora Miano, tí a bí ní Douala kan náà ní ọdún 1973, ní tirẹ̀ kọ La Saison de l'ombre. Ìwé yìí gba ẹ̀bùn Femina ní ọdún 2013, ẹ̀bùn tí obìnrin nìkan ń ṣe onídàájọ́ rẹ̀. Nínú ìtàn náà, iná jó abúlé kan lóru, ọkùnrin méjìlá sì di àwátì. Wọ́n kó àwọn ìyá tí ó pàdánù ọmọ sínú ilé kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn ni ó fa ibi náà. Eyabe, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ láti jókòó. Ó rìn títí ó fi dé etí omi, níbi tí ó ti gbọ́ nípa àwọn tí ń ta ènìyàn fún òyìnbó. Ìyàwó a máa sunkún kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Níhìn-ín, ìyá ni ó ń wá ọmọ lọ.

Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kọ̀wé. Kì í ṣe pé èdè Duálà kò ní àkọsílẹ̀: odindi Bíbélì ti jáde ní èdè náà láti ọwọ́ Alfred Saker ní ọdún 1872, ṣáájú odindi Bíbélì Yorùbá. Nígbà tí Faransé gba ìlú náà lọ́wọ́ Jámánì ni wọ́n fi èdè tiwọn lélẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ìyá tí ó fi èdè Duálà tàbí Básà rẹ ọmọ lẹ́kún lè wà ní ọjà New Bell, kí ìwé ọmọ náà gbayì ní Parisi, kí ìyá má sì lè ka ojú-ewé kan níbẹ̀.

Kò yẹ kí a dá àwọn òǹkọ̀wé náà lẹ́bi. Ohùn tí ó rí ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà náà ni yóò gbà. Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì: kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Àwọn Yorùbá tí ẹkún ìyàwó ń parẹ́ mọ́ lọ́wọ́ náà nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá kan ní New Bell bá gbọ́ ìrìn Eyabe ní èdè tirẹ̀, nígbà náà ni yóò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ lájò pé òun gbọ́.