Àmù Tí Mo Ṣí Nípò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ Igbó-Ọrà, ìbejì ló ń wá. Èmi náà wá wọn, mo sì yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi jù ní Ìbàràpá ni àwọn ohun tí ojú ti fò dá: páànù tó ti dípẹtà, ọkọ̀ tí ewéko ti bò, láfún tí wọ́n sá sórí àpáta dúdú, tó funfun báláú.

Ní Erúwà, mo rí ilé alámọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ti jìn. Àmù kan wà ní igun ògiri. Ó ti sán, ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀, aláǹtakùn sì ta òwú bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, igun yẹn sì ṣókùnkùn. Mo da ewé inú rẹ̀ nù, mo nu ẹnu rẹ̀, mo gbé e sáàárín àgbàlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Ìkòkò lásán ni mo rí nínú àwòrán. Oòrùn tó wà lókè orí ti gba gbogbo òjìji ara rẹ̀. Mo yíjú padà: ibi tó ti jókòó látọjọ́ yìí ti ṣe àmì róbótó sílẹ̀, mo sì ti fẹsẹ̀ pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Ohun tí mo torí ẹ̀ dúró ni mo fọwọ́ ara mi nù dànù.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta lo bi kó o tó gbé e? Ìyá mi ló gbé e síbẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀ yìí. A jọ gbé e padà, ṣùgbọ́n ta ló lè ta òwú yẹn padà?

Kò sí ahoro tí kò lẹ́ni tó ni ín. Wá onílé ná. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ ni kó o dúró dè, má gbé nǹkan lọ bá a. Oòrùn àárọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni. Ojú ìka ẹni tó rẹ́ ògiri yóò ní òjìji tirẹ̀. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, ti ń ya irun dídì láti 1968, irun tí gbogbo wa ń rí kiri ìgboro, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà. Ó mọ̀ pé ẹwà ti débẹ̀ ṣáájú kámẹ́rà.

Ìyá gbà kí n padà wá láàárọ̀. Bí mo ṣe ń ya igun ògiri náà, ó ń sọ bí omi àmù ṣe máa ń tutù tó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí n ya òun náà, àmọ́ kí n jẹ́ kí òun wé gèlè ná.