Ojúlé Tí Kò Sí Nínú Agboolé

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí ló ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ń ṣe àdàkọ oríkì tí ìyá mi àgbà kì, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ débì kan, ètò ìtẹ̀wé náà yóò kú, kọ̀ǹpútà yóò sì kéde pé òun kò lè ka mẹ́mọ́rì tó wà ní 0x00000000.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, agboolé ńlá ni mẹ́mọ́rì. Gbogbo yàrá ibẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Ètò kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí a kò fún un, Windows, tí í ṣe baálé ilé, yóò lé e síta. 0xC0000005 ni nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Òdo kì í ṣe yàrá ẹnikẹ́ni. Ní 1965 ni Tony Hoare fi atọ́ka tí kò tọ́ka síbì kankan sínú èdè ALGOL W. Ní 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe olówó bílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà nù. N kò gbà: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo kọ́kọ́ da iṣẹ́ mi sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà mo wò ó bóyá ètò kan ṣoṣo ló ń kú. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, níbi kan náà, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ni kí a gbà, kí a sì yọ àwọn àfikún inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tèmi, èyí tó ń gbé ohùn jáde náà ń kú, nọ́ńbà yàrá sì ń yí padà lójoojúmọ́. A jẹ́ pé ilé gan-an ló ń jò. Windows Memory Diagnostic jẹ́rìí sí i. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ ọ̀kan nínú páálí mẹ́mọ́rì méjèèjì, mo dán èkejì wò, mo sì pààrọ̀ wọn. Báyìí ni mo mú ọ̀dàlẹ̀. Ká ní mo ti nu ẹ̀rọ nù ni, ibẹ̀ ni ì bá ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Mẹ́mọ́rì tó bàjẹ́ lè yí ohun tí a ti tẹ̀ padà láìwí fẹ́nì kan, àmì ohùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ọkọ àti ọkọ̀. Ìyá mi àgbà ti papò dà. Kò sẹ́ni tí mo lè tún bi. Nítorí náà mo jókòó, mo fi ohùn rẹ̀ yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, kí n tó fi iṣẹ́ náà lé olùkọ́ mi lọ́wọ́.