Ayò Mẹ́sàn-án sí Òdo

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé eré orí yìnyín ni àwa ọmọ Iléṣà fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, inú fíríìjì ni a ti ń rí omi dídì, àfi bí òjò bá da yìnyín sílẹ̀ tí a sì sáré ṣà á sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni àwa, tọkọtaya, kó àwọn ọmọ wa wá sí ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí wa ọkùnrin kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Họ́kì orí yìnyín ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Fún ẹni tí kò bá tí ì rí i rí, ènìyàn mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń wà lórí yìnyín, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàtà onírin tí ẹnu rẹ̀ mú ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá gígùn ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan. Ìpín mẹ́ta ni eré náà, ogún ìṣẹ́jú ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kì í fi lò tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó jáde lọ mí, kí ẹlòmíràn sì wọlé. Nígbà tí a ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá wa ní Iléṣà lórí tẹlifóònù, ohun tí wọ́n bi wá ni pé, "Ṣé wọn kì í fún ọmọ náà ní iṣẹ́ ilé-ìwé ṣe ni?"

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ wa nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ikọ̀ àwọn ọmọdé tí ó wà kì í borí. A kò sọ àsọdùn: láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí, ọjọ́ náà sì ni aṣọ́lé àwọn kejì kò wá. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé, nínú òtútù, ọ̀kan nínú wa yóò ti gbé àpò bàtà àti ọ̀pá rẹ̀ dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀, ẹnì kejì yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Owó ibi ìṣeré ń lọ, owó bàtà ń lọ, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de òbí.

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí a bá mú ìwé èsì ìdánwò délé, ipò ni bàbá kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá jẹ́ ipò kẹta, ìbéèrè tó kàn ni pé, "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ni ó ní?" Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni àwa náà ń sọ. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019, a pe ọmọ náà jókòó, a sọ fún un pé bí eré ọdún náà bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. A kò lè máa náwó lé ohun tí ó fi ń gbẹ̀yìn. Kò sunkún. Ó kàn bi wá bóyá òun lè wo ìdíje àgbáyé ti oṣù karùn-ún kí òun tó kó ọ̀pá òun sílẹ̀. A ní kò burú.

Ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àgbà nídìí eré yìí. Lóòótọ́, wọ́n gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Jámánì lọ́dún 1936, wọ́n tilẹ̀ na Kánádà 2 sí 1 níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ikọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ ọmọ tí ó dàgbà ní Kánádà. Ìdíje àgbáyé họ́kì dà bí àtẹ̀gùn. Orílẹ̀-èdè 16 ni ó wà lókè pátápátá, àwọn yòókù wà ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn lókè yóò já, ẹni tó bá ṣe dáadáa nísàlẹ̀ yóò gòkè. Lọ́dún 1994 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já, ó sì di ọdún 2019 kí wọ́n tó tún fojú kan òkè. Lọ́dún 2017 wọ́n gun àtẹ̀gùn kan ní Belfast. Lọ́dún 2018, ní Budapest, àmì kan péré ni wọ́n nílò lọ́wọ́ Hungary, Hungary sì ń fi 2 sí 1 ṣáájú wọn. Ó ku bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí eré parí nígbà tí Robert Farmer gbá èyí tó sọ ọ́ di 2 sí 2. Hungary ló padà borí nígbà tí wọ́n gbá pẹnáritì, ṣùgbọ́n àmì kan náà ti tó, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gòkè. Àìmọye ìgbà ni ọmọ wa ti sọ ìtàn yìí fún wa nídìí oúnjẹ.

Ní Košice, ní orílẹ̀-èdè Slovakia, ni wọ́n ti lọ gbá ti ọdún 2019. Ọmọ wa wá ìwé kékeré kan, ó fa ìlà sí i, ó ń kọ èsì sínú rẹ̀. Jámánì 3, àwa 1. Ó ní "àwa", ọmọ Iléṣà! Kánádà 8, àwa 0. A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé a rẹ́rìn-ín. Àwọn tí Kánádà kó wá jẹ́ àwọn tí owó ńlá ń wọlé fún nídìí họ́kì ní Amẹ́ríkà, líìgì abẹ́lé ni púpọ̀ nínú àwọn tiwa sì ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún, Dẹ́ńmáàkì na wọ́n 9 sí 0. Èyí dun ọmọ wa ju ti Kánádà lọ. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí à ń sọ fún ọ nìyẹn." Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Ṣé àwọn náà máa fi í sílẹ̀ lọ́la ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Amẹ́ríkà ló kàn. Wọ́n jáde wá. Amẹ́ríkà gbá 6 wọlé, àwọn náà sì gbá 3.

Ìbéèrè ọmọ yìí kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ọ̀kan nínú wa (ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ ẹni náà) ti wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà fún ọdún 15, láti Èkó dé Iléṣà, lóru àti lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan péré ni ó lè fi ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà wakọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò di dandan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fìdí rẹmi. Láti ọdún 2017 ni a ti pa á tì, a kò sì sọ fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá béèrè, a ó ní à ń retí ọjọ́ ìdánwò ni. Ìwé pélébé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn olùdánwò fún wa wà lábẹ́ ibùsùn. Nítorí náà ni a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, kì í ṣe gbígbẹ̀yìn ọmọ náà nìkan ni ó sú wa. Bọ́ọ̀sì ló sú wa, ìtìjú tiwa sì ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ipò bò mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ti máa ń pa á lówe tipẹ́, ṣùgbọ́n etí yìnyín ni ojú wa ti rí i. Ọmọ á ṣubú gbì, á dìde, á sì máa bá rọ́bà náà lọ kí ìyá rẹ̀ tó parí "Yéè!"

Finland na wọ́n 5 sí 0 (Finland yìí ló padà gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà). Slovakia na wọ́n 7 sí 1. Eré mẹ́fà, ayò 38 ti wọlé wọn, 5 péré ni àwọn gbá. Ó wá ku Faransé, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò já.

Gbogbo wa ni a jókòó wò ó. Faransé gbá ọ̀kan, ó gbá èkejì, ní ìpín kejì ó gbá ẹ̀kẹta. 3 sí 0. A wo ojú ara wa, a kò sọ nǹkan kan. Láti ibẹ̀ ni ikọ̀ tiwa (ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀) ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi di 3 sí 3 tí àkókò sì pé. Wọ́n wọ àsìkò àfikún. Ben Davies gbá ẹ̀kẹrin wọlé. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn wò bóyá àlàáfíà ni.

Ọmọ wa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Faransé 3, àwa 4. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni a kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lábẹ́ ibùsùn, a tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin la ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta!" Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara balẹ̀ kà wọ́n bí ẹni tó ń ka èsì eré. Ní ìgbà kìíní, àṣìṣe kékeré 11, ńlá 2. Ní ìgbà kẹta, kékeré 4, ńlá 1. Ó ní, "Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀." Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ìwé náà. A ní kí ó má kó ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ìgbà kẹrin, a yege. Ikọ̀ ọmọ wa kò di akọni o. Títí tí ó fi kúrò níbẹ̀, wọ́n ń pàdánù ju bí wọ́n ṣe ń borí lọ. Ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà já lọ́dún 2022 ní Tampere. Lọ́dún 2023, Nottingham níbí ni wọ́n ti gbá ìdíje ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. A wa ọkọ̀ wa lọ wò wọ́n, wọ́n sì gòkè. Lọ́dún 2024 wọ́n tún já ní Prague. Lọ́dún 2025 wọ́n tún gòkè, ní Romania.

Lọ́dún 2025 yìí kan náà ni ọmọ wa pé ọdún 17, ó sì lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ sídìí àpótí ilé ìdáná, ó mú ìwé kékeré náà jáde, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ tiwa: ìgbà kìíní, kékeré 7, ńlá 1. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí a sè.