Táyà iwájú ń sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará Bassila àti Manigri, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tó gba ìlú wa kọjá ń lọ sí Djougou, títí dé Porga ní ẹnubodè Bùkínà Fasò. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà á.

Táyà ẹ̀yìn wọn jẹ́ méjì-méjì. Bí ọ̀kan bá bẹ́, ìkejì ṣì lè gbé ẹrù díẹ̀. Ti iwájú jẹ́ ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì. Bí ọ̀kan bá bẹ́ lórí eré, ọkọ̀ lè já gba ọwọ́ awakọ̀ wọ inú èrò.

Ẹ wo bàtà yín. Bí ó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn yín ló fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà.

Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré. Bí àárín nìkan bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dúró ṣánṣán. Bí ó bá jẹ ní kòtò-kòtò, ẹsẹ̀ náà lè máa mì, tàbí kí irin tó ń gba gìrì ti kú.

Ojú nìkan kò tó. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí táyà sì tutù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ lọ, ẹ rà á bọ̀. Ẹ rọra, nítorí wáyà. Bí ó bá ń dán ní àlọ, tó ń ha ọwọ́ ní àbọ̀, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kò kọjú síbì kan náà.

Ẹ má kàn ra táyà tuntun kí ẹ dákẹ́. Àrùn tó jẹ ti àkọ́kọ́ yóò jẹ ìyẹn náà. Ẹ kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì.