Àwọn Òdòdó Tí A Ń Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ ní Command

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Command kì í ronú kan òdòdó. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà, ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Ìpájà, Ayọ̀bọ̀ àti Mèíràn, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́, ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ológun tó wà níbẹ̀ ló fún àdúgbò náà lórúkọ. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ló wà, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti fi hàn pé èrò ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, láàárín ilé méjì tí wọ́n ti kọ́ tán, ẹ óò máa rí ilẹ̀ kan tí onílẹ̀ kò tíì kọ́: òkìtì búlọ́ọ̀kù ní igun kan, àkọlé pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, àti ewéko tó ga dé orúnkún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Òpin oṣù October, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ni ìrìn náà dùn jù. Ẹbí ewéko kan ṣoṣo ni mo ń wá: Asteraceae, ẹbí tí ewúro jẹ́ ọmọ inú rẹ̀. Oríṣi tó lé ní 23,000 ló wà nínú ẹbí náà káàkiri ayé. Àmì wọn kò ṣòro. Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan, agbo ilé ni. Ẹ já ọ̀kan, kí ẹ fi èékánná là á sí méjì. Àárín rẹ̀ tó dà bí bọ́tìnnì kún fún òdòdó kéékèèké, tí ọ̀pọ̀ wọn lè so irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ sì yí gbogbo wọn ká nísàlẹ̀, bí odi ti í yí agbo ilé ká.

Ọ̀nà mẹ́ta ni agbo ilé náà pín sí. Èkíní ní bọ́tìnnì láàárín àti ewé òdòdó létí. Ìgbàlódé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tridax procumbens, ni ẹ óò kọ́kọ́ rí lẹ́bàá gọ́tà. Ó ń rá pálá lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ọrùn kan ṣoṣo sókè, ó sì gbé òdòdó kan sórí rẹ̀. Ewé òdòdó rẹ̀ funfun, wọn kì í ju bíi márùn-ún lọ, eyín mẹ́ta sì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jogbo, Tithonia, ga ju ènìyàn lọ. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ewé rẹ̀ sì korò. Abẹ́rẹ́ olóko, Bidens pilosa, kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá kọjá lára rẹ̀, ẹ óò bá irúgbìn dúdú tó rí bí abẹ́rẹ́ lára ṣòkòtò yín nígbà tí ẹ bá délé.

Ọ̀nà kejì kò ní ewé òdòdó létí. Bọ́tìnnì nìkan ni. Imí eṣú wà níbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ tó dà bí òwú aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ àti òórùn rẹ̀ tí kì í ṣì í mọ̀. Ẹ má fi òun ṣe ẹ̀fọ́, nítorí ó ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀bọ́lọ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ orí ba bí ìyàwó tuntun. Ewúro náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò rí òdòdó funfun rẹ̀ rí, nítorí a kì í jẹ́ kí ó dàgbà tó kí a tó já a. Ní ọdún 1989, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu kọ ọ́ jáde pé àwọn rí ìnàkí kan tó ń ṣàìsàn ní Mahale, ní Tanzania, tó ń bó igi ewúro, tó sì ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti yá.

Nínú ọ̀wọ́ yìí kan náà ni Akíntọ́lá-takú wà, Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ló bá irúgbìn igi mìíràn wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka, ní agbègbè Enugu. Ní oṣù May 1962, Gómìnà yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá nípò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n olóyè takú. Àgbẹ̀ tó gé ewéko yìí lónìí, tó tún bá a lóko lọ́túnla, mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ.

Ọ̀nà kẹta ni ti yánrin. Kò ní bọ́tìnnì. Gbogbo òdòdó rẹ̀ rí bí ọ̀já tín-ínrín aláwọ̀ ìyeyè, bí ẹ bá sì já ewé rẹ̀, oje funfun yóò yọ.

Mo wá ìbátan wọn náà, Campanulaceae, ẹbí òdòdó tó rí bí agogo. Ọ̀dùnkún tí ẹnì kan gbìn sí ilẹ̀ òfìfo ń tan òdòdó rẹ̀ bí agogo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ẹbí náà. Ẹ wo ibi tí irúgbìn ti ń dàgbà. Ti ọ̀dùnkún wà nínú òdòdó, lókè ibi tí ewé òdòdó ti so mọ́ ọn. Ti Campanulaceae àti ti Asteraceae sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ewé òdòdó.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n: ìgbàlódé, jogbo, abẹ́rẹ́ olóko, imí eṣú. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn baba wa kò pè wọ́n ní koríko lásán. Wọ́n wo ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bí a ti ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ń rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fọ́n oògùn apakoríko sórí ilẹ̀ kan, kí àwọn bíríkìlà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó ti já yánrin kún ọ̀rá kan.

Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

Ó wo ìwé ọwọ́ mi. "Kí lò ń kọ, ọmọ mi?"

"Orúkọ àwọn ewé ni, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi, koríko ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀."

Ilé kò burú. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá da kọnkéré sí kì í kọ́ ọmọ ní orúkọ ewé mọ́. Ìwé wà: Pierre Verger tẹ *Ewé* jáde ní ọdún 1995. Ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ wà ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìlú yín lè wà nínú ilé yín gan-an. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú ìyá àgbà jáde sí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Ẹ já òdòdó kan, ẹ là á, kí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Kí ẹ sì tètè kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù ti wà ní igun.